Afárá Kọ́, Alárenà Ni: Àwọn Àmì Inú Kọ̀ǹpútà àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Orúkọ tí àwọn Yorùbá kan sọ kọ̀ǹpútà, tí ó sì ti tàn kálẹ̀ dé orí rédíò àti inú ìwé ìròyìn, ni ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Orúkọ náà dùn létí. Oríkì ni, ó sì yẹ ẹ̀rọ tí a fi kì. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ̀ ọ́n pè tán, kò tíì mọ ohunkóhun nípa bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ju pé ó yára lọ. Àṣá yára, mànàmáná yára, ọkọ̀ òfuurufú náà yára. Èdè tí ó bá fẹ́ fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ́ ọmọ kò lè dúró lórí oríkì nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí ń tú iṣẹ́ ohun tí ó ń jẹ́ ẹ síta.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàrin àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá. Láti ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá jẹ́ òpómúléró rẹ̀, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá apá kìíní jáde lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé. Apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni àwọn ìwé náà gbájú mọ́. Inú ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n wọ̀. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2025 ìjọba àpapọ̀ tún fagi lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ padà wá, kí ó sì dúró, kò gbọdọ̀ máa fi ẹnu lásán sọ pé èdè Yorùbá tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Kí ó mú èdè náà lọ sí ibi tí ó ta kókó, kí ó sì fi hàn.

Ibi tí ó ta kókó pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú wọn ni ṣíìpù kékeré tí àwọn Òyìnbó ń pè ní bridge, èyí tí àwọn olùkọ́ tí ó bá gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ máa ń pè ní afárá láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé afárá kò bá iṣẹ́ ṣíìpù náà mu, pé ó ń bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ ni, àti pé ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu ti wà nínú àṣà ìgbéyàwó Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Alárenà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Kí ìdí rẹ̀ tó lè hàn, ó di dandan kí a kọ́kọ́ mọ bí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà Àjọlò

Ohun tí a ń pè ní bus nínú kọ̀ǹpútà ni àkójọ wáyà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà jọ ń lò láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn. Olùkọ́ tí ó bá sáré pè é ní bọ́ọ̀sì ti ṣi ọmọ lọ́nà, nítorí pé bọ́ọ̀sì ń rìn, wáyà kì í rìn. Bẹ́ẹ̀ ni orírun ọ̀rọ̀ náà kò le rárá: láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tí ó túmọ̀ sí “fún gbogbo ènìyàn” ni ó ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ akérò ti gba orúkọ tirẹ̀. Bí olùkọ́ bá pè é ní ọ̀nà àjọlò, ó ti dé ìdí ọ̀rọ̀ láìfi Látìn yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ọ̀nà àjọlò tí ó dára jù lọ fún àpẹẹrẹ ni PCI. Ilé-iṣẹ́ Intel ni ó gbé e jáde ní ọdún 1992, ó sì wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá. Àìmọye kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n tà ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún 2000 ni ó ní in nínú. Ihò funfun gbọọrọ tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí pátákó ńlá inú wọn ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wáyà 32 ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà yìí. Àwọn wáyà kan náà ni a fi ń sọ nọ́ńbà ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àwọn náà ni a sì fi ń gbé ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wáyà aago kan wà tí ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 33 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí ẹ̀yà tí ó gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun àfi bí aago bá lù. Iṣẹ́ tí agogo ń ṣe láàrin àwọn onílù ni aago yìí ń ṣe: kì í sọ ọ̀rọ̀, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí ohun gbogbo bá lọ dọ́ọ̀dọ́ọ̀, ọ̀nà náà lè gbé báìtì tí ó tó mílíọ̀nù 133 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìwé ìlànà PCI sọ pé ẹ̀yà tí ó kàn ń dáhùn nígbà tí a bá pè é gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ wáyà 47, ó kéré tán. Èyí tí ó lè pe ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní 49. Méjì péré ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí a ń pè àti ẹni tí ń peni. Àwọn méjèèjì náà ni wáyà ìtọrọ àyè àti wáyà ìyọ̀ǹda. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìyẹn ti mọ ohun tí ó wúlò ju kí ó há orúkọ wáyà 49 sórí.

Ìpè àti Ìjẹ́pè

Nítorí pé àjọlò ni ọ̀nà náà, ẹni méjì kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣíìpù kan wà tí ó ń ṣe alága. Ẹ̀yà tí ó bá ní ọ̀rọ̀ yóò fi wáyà tirẹ̀ tọrọ àyè, alága yóò sì fi wáyà mìíràn yọ̀ǹda fún un. Alága lè yọ̀ǹda nígbà tí ẹlòmíràn ṣì wà lórí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba àyè gbọ́dọ̀ dúró títí ẹni tí ó wà níbẹ̀ yóò fi parí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó níbi mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ mọ̀ pé bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn, bí kì í tilẹ̀ í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Nígbà tí ó bá kàn án, olùpè yóò fa wáyà kan wálẹ̀, èyí tí ìwé ìlànà pè ní FRAME#. Òun ni àmì pé ìpè ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò gbé nọ́ńbà ẹni tí ó ń pè sórí wáyà 32, tí yóò sì fi wáyà mẹ́rin mìíràn sọ irú ohun tí ó ń fẹ́: ṣé ó fẹ́ kà ni, àbí ó fẹ́ kọ. Gbogbo ẹ̀yà tí ó wà lórí ọ̀nà ni ó gbọ́ nọ́ńbà náà. Ẹni tí ó ni ín yóò fa wáyà DEVSEL# wálẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí “èmi rèé”. Nítorí náà ajẹ́pè ni ó yẹ kí a máa pè é. Ajẹ́pè tí ó yára yóò dáhùn lẹ́yìn ìlù aago kan, èyí tí kò yára púpọ̀ lẹ́yìn méjì, èyí tí ó lọ́ra lẹ́yìn mẹ́ta. Bí ìlù mẹ́ta bá kọjá tí gbogbo wọn dákẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn ní ìkẹrin. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà ìgbà náà, ṣíìpù tí ń bójú tó ọ̀nà àtijọ́ tí a ń pè ní ISA ni ẹni náà. Òun ni ó máa ń gba ìpè tí kò ní olúwa, tí yóò sì gbé e lọ sí ọ̀nà tirẹ̀, níbi tí aago kò ti yára ju ìlù mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ, bóyá àgbàlagbà kan tí ó wà níbẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Bí òun náà kò bá dáhùn, olùpè yóò fi ìpè sílẹ̀. Bí kíkà ni ó fẹ́ kà, ohun tí kọ̀ǹpútà máa ń rí gbà ni kìkì ọ̀kan-ọ̀kan lórí gbogbo wáyà 32. Ohùn ilé tí kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìjẹ́pè ni ọ̀rọ̀ gan-an tó lè kọjá. Àmì méjì ni ó ń ṣe ìyẹn: IRDY# tí olùpè fi ń sọ pé òun ti ṣetán, àti TRDY# tí ajẹ́pè fi ń sọ pé òun náà ti ṣetán. Ìgbà tí aago bá lù tí àwọn méjèèjì bá wà nílẹ̀ pọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ kọjá. Bí ọ̀kan bá wà nílẹ̀ tí èkejì wà lókè, wọn yóò dúró de ara wọn. Kò sí ẹni tí ó lè fi ipá mú ẹnì kejì.

Ibí yìí ni ó ti yẹ kí a bá àṣà ìtumọ̀ kan wí. Ọ̀pọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀nà àjọlò mìíràn ni ó pe àwọn méjèèjì ní ọ̀gá àti ẹrú, àwọn atúmọ̀ kan sì ti gbé e wọ Yorùbá bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ẹrú kì í ṣe ohun eré létí ọmọ Yorùbá, kò tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ̀yà tí ó jẹ́ olùpè nísinsìnyí lè di ajẹ́pè láìpẹ́. Ajẹ́pè sì ní àmì kan lọ́wọ́, STOP#, tí ó lè fi dá ọ̀rọ̀ dúró pátápátá. Ẹrú wo ni ó ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀? Ìwé ìlànà PCI fúnra rẹ̀ kò pe ẹni tí ń dáhùn ní ẹrú.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí wáyà bá lọ sílẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìgbà tí ó bá gòkè. Wáyà tí ó wà ní ìsinmi wà lókè. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ni ó ń fà á wálẹ̀, bí ọmọ tí ó ń dọ̀bálẹ̀ kí ó tó lanu níwájú àgbà. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí o. Lórí irú wáyà tí a fi ń ké sí ọpọlọ ẹ̀rọ pé iṣẹ́ ti dé, ẹ̀yà mẹ́ta lè jọ fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ewu, nítorí pé kò sí ẹni tí ń tì í lọ sókè tipátipá. Bí ọ̀kan bá ń tì í sókè tí èkejì ń fà á sílẹ̀, iná wọn yóò kọlu ara wọn. Ìdí kan náà ni ó mú kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi wáyà àjọlò sílẹ̀ kọ́kọ́ gbé e padà sókè fún ìlù aago kan, kí ó tó yọwọ́ kúrò.

Ohun Tí Alárenà Ń Ṣe

Ọ̀nà àjọlò kan kò lè gba ẹ̀yà tí ó pọ̀ jù. Iná yóò rẹ̀ lórí wáyà, àmì yóò sì dàrú. Bí ẹ̀yà bá pọ̀, a ó ya ọ̀nà kejì, a ó sì fi ṣíìpù kan sáàrin méjèèjì. Ṣíìpù yìí ni wọ́n ń pè ní afárá.

Kí ni afárá ń ṣe? Ẹni tí ó bá gun afárá fúnra rẹ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé òdìkejì. Afárá kò bi í léèrè ibi tí ó ń lọ. Kì í gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ní kó padà wá lọ́la, kò sì mọ̀ ọ́n bí ó bá tún kọjá. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí ó bá ṣíìpù náà mu. Nínú rẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn wáyà ìpè àti ìjẹ́pè tí ó gba inú rẹ̀ kọjá láti ọ̀nà kan bọ́ sí èkejì. Aago méjèèjì tilẹ̀ lè yàtọ̀. Nígbà tí olùpè bá pe nọ́ńbà kan ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ṣíìpù yóò wo àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, láti nọ́ńbà báyìí dé nọ́ńbà báyìí, bóyá ẹni tí a ń pè ń gbé ní ẹ̀yìn òun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fa àmì ìjẹ́pè wálẹ̀ bí ẹni pé òun ni a pè. Lẹ́yìn èyí ni yóò yíjú sí ọ̀nà kejì, tí yóò tọrọ àyè níbẹ̀, tí yóò sì di olùpè. Ajẹ́pè ni níhìn-ín, olùpè ni lọ́hùn-ún. Ojú méjì ni ó ní, iṣẹ́ méjì ni ó sì ń ṣe.

Bí alárenà ṣe ń ṣe gan-an nìyí. Nígbà tí ọmọkùnrin kò lè bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ tààrà, alárenà ni ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Níwájú ọmọkùnrin, òun ni etí ọmọbìnrin. Níwájú ọmọbìnrin, òun ni ẹnu ọmọkùnrin. Kò sí ẹni tí ó gun orí rẹ̀ kọjá.

Ìwà alárenà hàn jù lọ nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kíkọ àti kíkà. Bí olùpè bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, alárenà yóò gbà á sínú àpò rẹ̀, yóò sì dá a lóhùn pé ó ti tán. Olùpè á bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú àpò. Ìgbà tí àyè bá yọ lọ́hùn-ún ni yóò jíṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé olùpè fẹ́ ka ohun tí ó wà lọ́dọ̀ ẹni òdìkejì, alárenà kò lè fún un ní èsì tí kò tíì rí gbà. Kò sì gbọdọ̀ dá gbogbo ọ̀nà dúró títí, nítorí pé ìwé ìlànà ti fi ìlù aago 16 ṣe òdiwọ̀n fún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà yóò jẹ́ ìpè, yóò sì fa STOP# wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìfún un ní ohun kan: “mo gbọ́ ọ, padà wá.” Olùpè gbọ́dọ̀ padà wá pẹ̀lú ìbéèrè kan náà láìyí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Láàrin àkókò yìí alárenà ti lọ sí òdìkejì láti wá èsì. Ìlànà yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú àtúnṣe PCI ti ọdún 1995. Ẹni tí ó bá ń pe ṣíìpù náà ní afárá yóò ní láti ṣàlàyé fún ọmọ ìdí tí afárá fi ń sọ fún arìnrìn-àjò pé kí ó padà wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀ràn kò ju inú àpò yìí lọ. Bí àpẹẹrẹ, ẹ̀yà tí ń bójú tó díìsìkì wà ní ẹ̀yìn alárenà. Ó kó ọ̀rọ̀ láti inú díìsìkì, ó ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àpò ìrántí kọ̀ǹpútà. Alárenà gbà á, ó ní ó ti tán. Ẹ̀yà díìsìkì gbà pé iṣẹ́ òun ti parí, ó sì fa wáyà tí a fi ń ké sí ọpọlọ ẹ̀rọ wálẹ̀: “ẹrù ti dé o, ẹ wá wò ó.” Wáyà yìí kì í gba ọ̀dọ̀ alárenà kọjá; ọ̀nà tirẹ̀ ni ó ń gbà lọ tààrà. Ọpọlọ ẹ̀rọ gbọ́, ó sáré lọ sí àpò ìrántí, ó sì kó ohun tí ó bá níbẹ̀. Ẹrù gan-an ṣì wà nínú àpò alárenà. Ọ̀rọ̀ àná ni ó kó. Ìròyìn ti ṣáájú ẹrù dé. Irú àṣìṣe yìí kì í ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ìyẹn ni ó sì burú nínú rẹ̀: ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó ba ìwé ẹnìkan jẹ́.

Ọgbọ́n tí àwọn tí ó kọ ìlànà ta sí i rọrùn, ó sì jinlẹ̀. Wọ́n pa á láṣẹ fún alárenà pé èsì ìbéèrè kan kò gbọdọ̀ kọjá níwájú ọ̀rọ̀ tí a ti kọ ránṣẹ́ ṣáájú rẹ̀ sí ìhà kan náà. Nítorí náà, kí ọpọlọ ẹ̀rọ tó fọwọ́ kan ẹrù, yóò kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ ẹ̀yà díìsìkì, ohunkóhun tí ó wù kó jẹ́. Èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ alárenà padà, kò sì lè kọjá títí àpò yóò fi ṣófo. Bí èsì bá ti dé, ẹrù ti dé. Ní ọdún 1998 ni àtúnṣe mìíràn mú ọ̀nà kejì wá: ìkésíni fúnra rẹ̀ ni a sọ di ọ̀rọ̀ tí a ń kọ ránṣẹ́, kí ó lè tò sẹ́yìn ẹrù nínú àpò kan náà. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè lóye àṣìṣe yìí, tàbí àtúnṣe rẹ̀, bí kò bá kọ́kọ́ gbà pé ẹni tí ó wà láàrin ní àpò, pé ó ń gba iṣẹ́ sílẹ̀, pé “ó ti tán” tí ó sọ kì í ṣe “ó ti dé”. Lórí afárá, ẹni tí ó ti kúrò lójú wa ti kọjá lọ.

Alárenà Yẹ̀bá

Yorùbá máa ń sọ pé bí ọkọ bá mojú aya tán, alárenà a yẹ̀bá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà láti ọdún 2003 nìyẹn. Nínú kọ̀ǹpútà ọdún 1998 tí ó ń lo ṣíìpù Intel 440BX, alárenà àgbà kan wà láàrin ọpọlọ ẹ̀rọ àti àpò ìrántí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọpọlọ bá ní pẹ̀lú ìrántí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń gbà. Ní 2003 ilé-iṣẹ́ AMD gbé iṣẹ́ náà wọ inú ọpọlọ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, Intel ṣe bákan náà ní 2008. Ọkọ mojú aya, alárenà àgbà sì pòórá lórí pátákó. Èyí kékeré, tí ń bójú tó díìsìkì àti àwọn ihò USB, ṣì wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ pátákó lábẹ́ orúkọ mìíràn.

Ọ̀nà àjọlò fúnra rẹ̀ náà ti yí padà. PCI Express, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú kọ̀ǹpútà ní 2004, kì í ṣe àjọlò mọ́: ẹni méjì-méjì ni ó ní wáyà tiwọn, ọ̀rọ̀ sì ń lọ ní dídì bí lẹ́tà nínú àpòòwé. FRAME# kò sí mọ́, IRDY# kò sí. Níbí, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ pé orúkọ “ọ̀nà àjọlò” kò bá PCI Express mu dáadáa, gẹ́gẹ́ bí bus kò ṣe bá a mu ní Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n tilẹ̀ ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Alárenà ní tirẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Títí di òní, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí, ó máa ń bá gbogbo ẹnu ọ̀nà PCI Express pàdé bí ẹni pé alárenà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yóò sì kọ nọ́ńbà mẹ́ta fún un: nọ́ńbà ọ̀nà tí ó kọjú sí, ti ọ̀nà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, àti ti ọ̀nà tí ó jìnnà jù lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó mọ agboolé, tí ó mọ bí a ṣe ń ka ojúlé láti ẹnu ọ̀nà àbáwọlé dé ẹ̀yìnkùlé, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn.

Àtakò

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ alárenà. Lórí fóònù ni wọ́n ti ń bá ara wọn pàdé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá náà ni kí ó kọ́ wọn ní àṣà ìgbéyàwó, ó sì ń kọ́ ọ lọ́wọ́lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ti kọjá, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí nítorí ìdánwò. Kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ rí iṣẹ́ tuntun ṣe sàn ju kí ó jókòó sínú ìwé lọ.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, bridge sì ni ọmọ yóò bá pàdé níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí a fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì pamọ́ fún un. Kí olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó, kí ó sì sọ pé orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún nìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí a yẹra fún ni kí a túmọ̀ orúkọ náà ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kí a sì rò pé a ti túmọ̀ ìmọ̀. Òyìnbó tí ó pè é ní bridge mọ ohun tí ó ń ṣe kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ tí ó gba “afárá” lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, orúkọ náà ni yóò sì fi wá a, kò sì ní rí i.

Àwọn mìíràn fẹ́ kí a kàn yá ọ̀rọ̀ náà lò, kí a kọ ọ́ ní “bríìjì”. Ọ̀rọ̀ àyálò kò burú. Kọ̀ǹpútà tí a yá sàn ju ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá tí a hun lọ, nítorí pé kò ṣèlérí àlàyé tí kò ní. PCI náà, orúkọ ni. Kò sí ohun tí a fẹ́ túmọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí èdè bá ti ní orúkọ oníṣẹ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kí a lọ yá ti ẹlòmíràn dà bí kí ènìyàn ní odó nílé kí ó máa tọrọ odó kiri.

Nínú Kíláàsì

Olùkọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè fi èyí kọ́ni ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kí ó pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìyàrá méjì, kí ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà. Kí ẹnìkan jẹ́ alága ní ìyàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan máa lu agogo. Kí okùn mélòó kan wà lórí èèkàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe la ẹnu bí kò ṣe pé ó fa okùn tirẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí agogo bá dún. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró sí ẹnu ọ̀nà láàrin ìyàrá méjèèjì pẹ̀lú àpò lọ́rùn àti ìwé kékeré tí a kọ nọ́ńbà àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sí. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ nípasẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ nípasẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì rí bí ó ṣe ń dá olùbéèrè padà. Nígbà tí ó bá ti mọ́ wọn lára, kí olùkọ́ sọ fún ẹnìkan ní ìyàrá kejì pé bí ó bá ti fi ìwé lé alárenà lọ́wọ́, kí ó sáré dé ojú fèrèsé kí ó sì kígbe sí ìyàrá àkọ́kọ́ pé ìwé ti dé. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò wo orí tábìlì wọn, wọn yóò rí ìwé àná, wọn yóò sì yíjú sí alárenà tí àpò rẹ̀ ṣì kún. Kí olùkọ́ dákẹ́ níbẹ̀, kí ó jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn jiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí ó dúró de ẹnì kejì.